Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká gbé géèmù ayò wa jáde lóṣù Kejìlá?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Kubwa ní Abuja:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la dá iléeṣẹ́ géèmù kékeré kan sílẹ̀. Yàrá kan la há ara wa mọ́ ní Kubwa níbí, oṣù mẹ́sàn-án la sì fi ṣe géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún fóònù. Èmi ni mò ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń ya àwòrán, ẹnì kẹta ń bójú tó ìlù àti ìnáwó. Ó ti parí báyìí. ₦400,000 ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa. Ó wù wá ká gbé e jáde lórí Google Play àti iPhone lọ́jọ́ kan náà lóṣù Kejìlá. Ọ̀kan nínú wa ní ká kó gbogbo owó náà fún àwọn gbajúmọ̀ orí TikTok kí wọ́n bá wa pariwo ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?”

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Oṣù mẹ́sàn-án nínú yàrá kan, kí iná máa lọ kó máa bọ̀, ojú yín ti rí nǹkan. Mo ti jókòó sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí ní Lugbe, mo mọ bí ooru kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣe ń rí lára èèyàn lóṣù Kẹta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ má tíì gbé e jáde, ẹ má sì fún gbajúmọ̀ kankan ní kọ́bọ̀. O ní ó ti parí, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí o kọ sí mi, mi ò rí ibi tí àjèjì kankan ti ta ayò yín. Ọwọ́ àjèjì ni géèmù ti ń parí.

Àwa náà ti sọ pé “ó ti parí” rí. Géèmù wa àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló ń sáré láàárín ọjà, tó ń yẹ̀ fún kòtò àti màálù. Mo gbé e lọ sí Banex Plaza ní Wuse II, mo fún ọmọkùnrin kan tó ń ta páọ̀ṣì fóònù níta, mo ní kó bá mi wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni fọ́ọ̀mù: orúkọ, ímeèlì, ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó gbójú sókè wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó wá ibi tó lè tẹ̀ láti fò ó, ó rí i. Ojú ewé ẹ̀kọ́ méje ló tẹ̀ lé e, tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì kọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ gba orí méjèèje kọjá bí ẹni ń ka owó, kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ wá gbéra. Ibi tí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sinmi lé, ibẹ̀ gan-an la fi bọ́tìnnì ìdádúró sí. Kẹ̀kẹ́ dúró. Ó rò pé fóònù ti háńgì. Ó dá a padà fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Ya yi kyau, ọ̀gá,” pé ó dára, ó sì yíjú sí oníbàárà ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. “Ó dára” yẹn ló dùn mí jù, torí ojú ẹ̀ ti sọ pé òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé.

Àwa ò lè fi ojú ara wa rí ìkankan nínú àṣìṣe mẹ́ta yẹn. A ti mọ ibi tí bọ́tìnnì wà, ọwọ́ wa ti kọ́ bó ṣe ń yà á. Ẹ̀yin náà ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ gbé fóònù lọ bá àwọn tí kò mọ̀ yín rí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń tò de èrò ní Dutse Alhaji kò jìnnà sí yín. Máígádì tó jókòó sẹ́nu géètì ní Gwarinpa ní àsìkò lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Ẹ fún un ní fóònù, ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì panu mọ́. Ẹnu tí ẹ máa pa mọ́ yẹn ló nira jù. Tó bá béèrè pé kí lòun máa tẹ̀, ẹ ní kó tẹ ohun tó bá wù ú. Ẹ kọ ohun tí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe sílẹ̀, ẹ fi ohun tó sọ sílẹ̀, torí àwọn èèyàn wa kì í bú iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ lójú ọmọ. Kí ẹ tó bá èèyàn mẹ́wàá tán, ẹ ó ti rí i pé ibi méjì mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kí ẹ wá bá èèyàn mẹ́wàá mìíràn.

Ní ti ayò gan-an, oríṣi èèyàn méjì ló máa ṣí i, ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa àti ọ̀pẹ tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ohun tó ń lé ọ̀kan sá kọ́ ló ń lé èkejì. Ọ̀ta mọ̀ pé ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, pé ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ohun tó máa bí i nínú ni kí ọmọ ayò máa rìn bí ìgbín láti ihò dé ihò nítorí pé ó wu ayàwòrán yín kó rí mèremère. Ọwọ́ ọ̀ta yá ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọpọ́n igi. Ẹ jẹ́ kó lè tẹ ojú fóònù kí ó fò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin. Tí ihò kan bá ti di odù, tí ọmọ inú ẹ̀ tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń ta á á yí ọpọ́n po padà dé ihò tó ti kó wọn, ihò yẹn ni wọ́n sì ń fò. Tí kóòdù yín bá sọ ọmọ kan síbẹ̀, ẹni tó ti ń ta ayò láti kékeré á gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sì ní sọ ìdí fún yín. Bí wọ́n ṣe ń ta á nílùú kan tún máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òmíràn. Yorùbá pọ̀ ní Abuja. Ẹ wá ibi tí àwọn ará Ìgbómìnà, Ìjẹ̀bú, Èkìtì ti ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú wọn, kí ẹ dúró dìgbà tí ìpàdé bá tú, kí ẹ tẹ́ ọpọ́n igi kan sílẹ̀, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kí àwọn bàbá ta èyí, kí wọ́n ta ìyẹn, kí wọ́n jà sí i níwájú yín. Ìjà yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ọ̀pẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tí wọ́n bí sí Abuja, tó ti gbọ́ orúkọ ayò lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ àmọ́ tí kò fojú kan ọpọ́n rí. Ẹ má kọ ojú ewé ẹ̀kọ́ kankan fún un. Bó bá ṣí i, kí ọpọ́n jáde lójú ẹsẹ̀, kí ihò kan ṣoṣo máa tàn. Yóò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ayò á máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, èyí tó kẹ́yìn á já sí ihò ẹnìkejì tó ní méjì tẹ́lẹ̀, ó di mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ yẹn ti jẹ ọmọ ayò, ó sì ti fojú ara ẹ̀ rí i pé tí ihò ẹnìkejì bá di méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ. Ìwọ tí ò ń kọ kóòdù, mo fẹ́ bi ọ́: ìrìn mélòó ni kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ta ayò ń wò síwájú kó tó ta? Mo fura pé ó tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, torí ó máa ń wu àwa tí à ń kọ kóòdù láti ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè nà. Nínú àwọn ayò mẹ́ta àkọ́kọ́, kó máa wo ìrìn kan péré, kó sì máa ṣìrìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pẹ tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra kì í padà wá.

Kí èèyàn méjì sì lè kojú ara wọn lórí fóònù kan ṣoṣo láì lo dátà rárá. Tí kò bá tíì sí nínú ẹ̀, èyí ló yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ yín lọ́la.

Ẹ mú díẹ̀ nínú ₦400,000 yẹn, kí ẹ ra fóònù àlòkù méjì, itel tàbí Tecno tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ. Ẹ ta ayò lórí ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná? Tí ẹnì kan bá pè nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ ńkọ́? Lórí fóònù tí RAM rẹ̀ kéré, Android a máa pa áàpù tó bá ti wà lẹ́yìn, tí ẹ ò bá sì ń tọ́jú eré lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ti ń borí á padà dé bá ọpọ́n tuntun. Mo ti rí ẹni tó yọ géèmù dànù lójú ẹsẹ̀ nítorí èyí. O ò sọ bó ṣe wúwo tó, àmọ́ lójú tèmi, ayò ò gbọ́dọ̀ ju 30MB lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo fáìlì ìlù: ó sábà máa ń jẹ́ WAV, irú fáìlì ohùn tó wúwo, tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di OGG tó fúyẹ́. Látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ti gba àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù láàyè lóṣù Kìíní 2025 láti fi ohun tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, MB ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó dáńlóòdù.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní ojú tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, “ẹ́” àti “ọ́” kò ní ojú kan tó dá dúró. “Ọ” ni wọ́n kọ, wọ́n wá gbé àmì òkè lé e bí ohun ọ̀tọ̀. Fọ́ńtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo sípò rẹ̀. Orúkọ géèmù yín kò ní fi èyí hàn yín, torí “ò” inú “Ayò” ní ojú tirẹ̀. “Ọpọ́n” ló máa tú àṣírí. Tó bá jẹ́ Unity, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, lẹ lò, ẹ fi ọwọ́ ara yín kó àwọn lẹ́tà náà sínú fọ́ńtì, kí ẹ sì wò wọ́n lójú itel yẹn, ẹ má wò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà nìkan. Godot 4, irú áàpù bẹ́ẹ̀ mìíràn tó jáde ní 2023, máa ń tò wọ́n fúnra ẹ̀ tí fọ́ńtì bá ní àmì náà. Ẹ fi Haúsá sí i pẹ̀lú. Àwọn tí ẹ bá ń gbé ń ta dara, eré oníhò ti àwọn Haúsá, láti kékeré, ayò kò ní ṣàjèjì sí wọn. Ẹ sanwó fún ẹni tí Haúsá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kó kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ɓ, ɗ àti ƙ jáde dáadáa.

Wàyí o, ìgbéjáde fúnra ẹ̀. Google Play ń gba $25 lẹ́ẹ̀kan péré láti ṣí àkáǹtì. Apple ń gba $99 lọ́dọọdún, ẹ sì tún nílò kọ̀ǹpútà Mac. Ẹ fi iPhone sílẹ̀ ná. Android ló wà lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ ń ṣe é fún. Àmọ́ ṣé ẹ ti ka ọjọ́ 14 mọ́ oṣù Kejìlá yín? Tí àkáǹtì bá wà lórúkọ ẹnì kan, tó sì ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 2023, Google kò ní jẹ́ kó gbé géèmù jáde fún gbogbo ènìyàn àfi tí ó kéré tán èèyàn 12 bá ti wọnú ìdánwò géèmù náà, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 14 gbáko. Èèyàn 20 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, ìparí 2024 ni wọ́n dín in kù. Àwọn kan wà tó ń ta èèyàn 12 yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rà á. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn bàbá tí ẹ ti bá pàdé ni kí ẹ gba Gmail wọn. Fún ọjọ́ 14, ẹ máa ka iye àwọn tó padà ṣí i lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹ rán wọn létí. Iye yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má wo iye àwọn tó dáńlóòdù.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ forúkọ iléeṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gba D-U-N-S, nọ́ńbà ìdánimọ̀ iléeṣẹ́, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àmọ́ tó máa ń pẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá ṣí àkáǹtì lórúkọ iléeṣẹ́. Ìyẹn kì í béèrè ìdánwò ọjọ́ 14, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màá ṣì fẹ́ kí ẹ ṣe é. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí, torí tí géèmù bá ti ń pawó lórí àkáǹtì ẹnì kan, Google á gbé àdírẹ́sì onítọ̀hún síta fún gbogbo ayé. Ilé tí ìwọ àti ìyá rẹ ń gbé kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá yá, tí ẹ bá ń ta nǹkan nínú géèmù, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Google ń yọ lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ lọ́dún.

Owó ìpolówó ló máa kọ́kọ́ wọlé, kò sì ní pọ̀, torí ohun tí wọ́n ń san lórí ẹni tó ń wò ó ní Nàìjíríà kéré gan-an sí ti ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ géèmù ilẹ̀ wa kò ní: gbogbo ayé ló mọ ayò lórúkọ mìíràn. Oware ni wọ́n ń pè é ní Gánà, warri ní Antigua, àwọn òyìnbó ní mancala. Lẹ́tà 30 ni Google fàyè gbà fún orúkọ géèmù. Ẹ jẹ́ kí “mancala” wà níbẹ̀ lẹ́yìn “Ayò”. Ẹ má fi ìpolówó sáàárín ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìrìn tó ṣì padà ni kó fínnúfíndọ̀ wo ìpolówó kan. Mo bẹ yín, ẹ kìlọ̀ fún mọ̀lẹ́bí. Ìyá mi fi ìfẹ́ kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn nígbà kan pé, “Ẹ bá ọmọ wa máa tẹ ìpolówó yẹn kí owó lè wọlé fún un.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iléeṣẹ́ ìpolówó tí à ń lò nígbà náà ti ti àkáǹtì wa pa, owó tó wà nínú ẹ̀ sì bá a lọ. Òfin wọn ni, ẹ̀bi wa sì ni, torí a ò sọ fún ìyá wa.

Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ jókòó lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló ni kí ni. Kóòdù, àwòrán, ìlù, orúkọ. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gbé ẹnì kan lọ sìnrú ìlú ní Sókótó? Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i. Kí àkáǹtì wà lórí ímeèlì iléeṣẹ́, kó má wà lórí ti ẹnì kan. Ojú owó kọ́ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà tí kò tíì sówó ni.

Ó wá ku oṣù Kejìlá àti TikTok. Dong Nguyen, ọmọ Vietnam tó dá ṣe géèmù Flappy Bird, gbé e jáde lóṣù Karùn-ún 2013. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pariwo ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ 2014 ló tó gba ayé kan. Ọjọ́ ìgbéjáde kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Tí gbajúmọ̀ kan bá kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn wá lọ́jọ́ kan sórí géèmù tó ń háńgì lórí itel, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún yín, àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn á sì kà á kí wọ́n tó pinnu. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní fi oṣù Kejìlá yìí pariwo, ìdánwò ni màá fi ṣe. Abuja á dá páropáro, gbogbo yín á lọ sílé. Ẹ gbé fóònù méjì yẹn dání. Ilé tí bàbá àgbà wà, tí àwọn ọmọ-ọmọ wà, tí iná kò sí lálẹ́, ni kí ẹ ti wo bí wọ́n ṣe ń ta á. Ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ẹ gbé e jáde ní Nàìjíríà àti Gánà nìkan, kí ẹ fi oṣù kan tún un ṣe, kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ayé. Owó tó bá ṣẹ́ kù nígbà náà, tó bá wù yín, ẹ lè fún ẹnì kan lórí TikTok, ó dáa kó jẹ́ ẹni tó ti ta á fúnra ẹ̀ tó sì fẹ́ràn ẹ̀.

Tí ẹ bá ti ṣí ìdánwò náà, fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n jẹ́ ẹnì kẹtàlá. itel kan wà nínú dúróà mi tí ojú ẹ̀ ti sán níbi igun. Òun ni màá fi ta á.